Àgọ́ Ẹni Méjì

Bí ó ti rẹ nọ́ọ̀sì náà tó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ẹnì kan bá ní kó jókòó sórí òkúta, orí òkúta náà ni ì bá sùn sí. Iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀, láti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹkún lẹ́nu ara wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nínú bàtà, ọrùn rẹ̀ gan. Síbẹ̀, kò yà sílé. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù àwọn tó ń gun òkè ló gbà lọ, nítorí ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é níbẹ̀, àti nítorí pé ìsinmi tó ti ń bẹ ọ̀gá wọn fún láti ọdún tó kọjá ti bọ́ sí i lọ́wọ́ wàyí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Bí wọn ò bá lò ó, ó di ìgbà tí ọ̀gá náà bá tún rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìn-ín.

Alátapólì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀. Òun ló ń rán àwọn tapólì ńláńlá tí àwọn awakọ̀ fi ń bo ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ọwọ́ rẹ̀ le bíi pákó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀, ohùn náà ló sì kọ́kọ́ kó sí nọ́ọ̀sì lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra. Nígbà náà ló sọ fún un pé, "Lọ́jọ́ kan, èmi àtìwọ á sùn sórí òkè, oòrùn á sì yọ bá wa níbẹ̀." Ó gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba òrùka. Wọ́n ṣègbéyàwó. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ dé. Bí ìyàwó bá ń wọlé láàárọ̀, ọkọ ń jáde. Bí ọkọ bá ń wọlé nírọ̀lẹ́, ìyàwó ń wọ bàtà. Ibùsùn kan náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n bí àwọn tó yá a lọ́wọ́ ara wọn ni. Ọ̀kan á bá ooru ara èkejì níbẹ̀, kò ní bá èkejì fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń fẹ́ nínú ìsinmi náà kò pọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ dé orí òkè, kí wọ́n jọ sùn, kí wọ́n sì jọ jí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ó ti rí i tó dìde nídìí maṣíìnì, tó di ìbàdí mú, tó wá ń ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Ta ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tan nọ́ọ̀sì jẹ?

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin tó ń tajà ti gbé àgọ́ méjì sílẹ̀, wọ́n ká wọn bíi ìrọ̀rí kéékèèké.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀ o," ló wí. "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ bọ̀dá, wọ́n ti fẹ́ fi ìbéèrè pa mí. Èyí, ti ẹnì kan ni. Èyí, ti ẹni méjì, òun náà kò sì wúwo. Ẹ gbé e wò."

Nọ́ọ̀sì gba ti ẹni méjì. Láìronú, ó fi ọwọ́ kan gbé e nísàlẹ̀, ó fi èkejì ti orí rẹ̀, bó ṣe ń gbé àwọn ọmọ tuntun ní wọ́ọ̀dù.

"Ọmọ tuntun tó pé oṣù," ó ní, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láàárín àárẹ̀. "Mo lè gbé èyí títí."

Ṣùgbọ́n Alátapólì ti mú etí aṣọ náà. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì ń rí ojú ìyàwó rẹ̀ gba inú aṣọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́jà, ṣé aṣọ nìyí àbí èèpo àlùbọ́sà?"

"Aṣọ ni, bọ̀dá. Omi kì í wọ̀ ọ́."

"Atẹ́gùn ńkọ́? Bí atẹ́gùn orí òkè bá rí èyí, á fi nu imú ni." Ó yí àgọ́ náà po, ó sì lanu. "Ẹ wò ó! Wọ́n dá ihò sí i lókè. Ihò! Lórí òrùlé!"

"Ibi tí afẹ́fẹ́ máa ń gbà jáde ni, bọ̀dá. Wọ́n ti fi ìbòrí bò ó."

"Afẹ́fẹ́ á gbà níbẹ̀, òjò á wá máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa tọrọ àyè?" Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyàwó mi, mi ò lè tẹ́ ọ sábẹ́ ọ̀rá. Èmi tí mò ń bo ẹrù ẹlẹ́rù! Fúnra mi ni màá rán àgọ́ wa."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jìnnà, bí ẹni pé òun ní láti lọ gbé e wá láti yàrá mìíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè rìn dé ibẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. Ọ̀rọ̀ tí àárẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn.

"Kí ẹ ṣáà rántí o, bọ̀dá," ni ọlọ́jà sọ, bó ti ń ká àgọ́ rẹ̀. "Kò sí lọ́rì tó ń gun òkè yẹn. Ẹ̀yin ni lọ́rì."

Alátapólì rán àgọ́ náà bí ẹni ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Bó bá parí ti àwọn oníbàárà, á tún jókòó ti tirẹ̀. Tapólì tó nípọn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló gé. Ibi tó yẹ kó rán lẹ́ẹ̀kan, ó rán an lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi gọ́ọ̀mù gbígbóná dí ojú rírán náà pa títí èèrà ò fi lè rí ibi yọjú. Nígbà tó gbé e wọlé, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọkọ ìyàwó. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì kò ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Ó na ọwọ́ sí àgọ́ náà, ó fẹ́ gbé e, àgọ́ náà sì jókòó síbi tó wà.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni èyí," ó ní. "Ó sì ti jẹun yó."

"Ta ló ní kí o gbé e? Èmi ni màá gbé e."

"Ó dáa. Gbé e gun àtẹ̀gùn ká wò ó. Jẹ́ ká lọ tẹ́ ẹ sórí ilé."

Orí ilé wọn tẹ́jú, ibẹ̀ ni àwọn ayálégbé máa ń sá aṣọ sí. Alátapólì gbé àgọ́ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń súfèé. Nígbà tí wọ́n gun àjà kìíní, súfèé náà dákẹ́. Nígbà tí wọ́n dé èkejì, ó dúró. Bàbá àgbàlagbà tó ń gbé níbẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ara ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" ni Alátapólì ń béèrè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣebí o ti kí mi nígbà tí ilẹ̀ mọ́," ni bàbá wí. "Kí lo gbé yẹn? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Àgọ́ ni."

"Sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà náà, kí ẹnì kan má bàa kú."

Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó fi di ìbàdí mú, bí ìka náà ti ń tẹ ara. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ ohun tí ojú ti rí.

Wọ́n pa àgọ́ náà sórí ilé. Bí wọ́n ti parí, òjò dé, kì í ṣe òjò eré. Wọ́n sáré wọnú rẹ̀, Alátapólì fa sípì pa, wọ́n sì dùbúlẹ̀. Òkùnkùn tútù kan bò wọ́n. Òjò ń lu òrùlé aṣọ náà bí ẹni tó bínú sí i, kò sì sí ẹ̀kán kan tó wọlé. Alátapólì kò lè pa ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Kó máa lù ú! Kó lù ú dọ̀la!"

Nọ́ọ̀sì gbé orí lé apá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ dùbúlẹ̀, tí ojú àwọn méjèèjì sì là. Ó gbọ́ bí àyà ọkọ rẹ̀ ti ń lù, ó pa ojú dé. Bó bá jẹ́ pé àgọ́ yìí lè fúnra rẹ̀ gun òkè ni, ì bá ní ohun tí òun ń wá ti tẹ òun lọ́wọ́.

Omi kan sì kán sí i níwájú orí.

Òmíràn kán sí Alátapólì lẹ́nu. Ó fò dìde bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. "Ó ń jò? Níbo?" Ó ń fi ìka tọ ojú rírán láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ohùn rẹ̀ tó máa ń rọ̀ ti ń gbọ̀n. "Kò lè jò. Mo rán an lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ibi tí mi ò dí!"

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí ara aṣọ náà. Inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì rin, omi ti sẹ̀ sára rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sí dígí.

"Jókòó, olólùfẹ́ mi. Kò jò."

"Omi wo wá nìyí?"

"Èmi àtìwọ ni. Ìmí wa ni. A ti ń mí látìgbà tí a ti wọlé, kò rí ibi gbà jáde, ló bá di omi, ó ń padà sí wa lára. Ní wọ́ọ̀dù, àpótí dígí tí a ń tẹ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sí pàápàá ní ojú ihò."

Alátapólì jókòó. Ó gbé ojú sókè sí òrùlé àgọ́.

"Ihò tí ọmọbìnrin yẹn ń ṣàlàyé fún mi," ó ní.

"Òun náà ni."

"Ẹrù ni mo máa ń bò, ìyàwó mi. Sìmẹ́ńtì. Bébà. Bí afẹ́fẹ́ bá fi lè wọ̀ ọ́, awakọ̀ á dá a padà, á bú mi kún un. Ẹrù kì í mí." Ó fi ọwọ́ nu ojú, nọ́ọ̀sì ò sì mọ̀ bóyá omi àgọ́ ló ń nù. "Mi ò bo ènìyàn rí."

Òjò ń rọ̀. Lẹ́yìn tó ti wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó ní, "Lọ ra àgọ́ ẹnì kan yẹn. Máa lọ. Ìsinmi tìẹ ni. Ẹ̀yìn mi yìí..."

"Ẹ̀yìn rẹ ṣe kí ni?"

"Ó ń dùn mí."

"Ó ti pẹ́?"

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló ń béèrè ni àbí ìyàwó mi?"

"Àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ń bínú, ìyàwó fẹ́ sunkún." Ó fà á lápá kó tún dùbúlẹ̀. "Gbọ́ mi. Mi ò ní dá lọ. Bó bá jẹ́ pé dídá sùn ni mò ń fẹ́, ṣebí mò ń dá sùn nílé. Ta ló ní òjò ò gbọdọ̀ kàn mí? Kó kàn mí díẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ kó dé òkè. Bí o bá gbé ẹrù yìí, ìdajì ọ̀nà la ti máa padà, nọ́ọ̀sì àti aláìsàn, ìsinmi mi á sì tún di iṣẹ́."

Alátapólì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò jáde dáadáa.

"Mo rò pé bí mo bá rán an kó nípọn, wàá mọ̀," ó ní. "Mi ò rí ọ mọ́. Mo máa ń délé, màá bá ife tíì rẹ lórí tábìlì, ó ti tutù. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe fún ọ. Aṣọ rírán ni mo mọ̀."

"Mo mọ̀ kí o tó rán an," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ó rẹ èmi náà."

Àárẹ̀ àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ sáàárín wọn bí ẹnì kẹta, kò sì sí ẹni tó bínú sí i.

"Ti ẹni méjì," ni Alátapólì wí nígbà tó yá. "Èyí tó fúyẹ́, tó ní ihò lórí. Bí òjò bá dá, a ó lọ rà á. Kí ọlọ́jà yẹn ṣáà má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó dáa, kó ṣe é. Màá faradà á."

"Ẹ̀yìn rẹ sì ń lọ rí dókítà kí a tó gbéra."

"Bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì."

Ó ṣí sípì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ṣùgbọ́n tapólì náà wúwo, bó bá ti gbé ìlẹ̀kùn rẹ̀ sókè ló ń padà ṣubú dí ẹnu ọ̀nà. Kò rí nǹkan fi so ó. Ó wá fi apá ara rẹ̀ gbé e dúró. Atẹ́gùn tútù wọlé, ó kan nọ́ọ̀sì lójú, nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀.

"Àgọ́ fífúyẹ́ yẹn," ni ọkọ rẹ̀ ń sọ, "bí a bá fẹ́ gbé e ró, ṣé kò ní dáa ká kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí atẹ́gùn? Okùn rẹ̀ náà, mo lè fi èyí tó le díẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúwo... Ìyàwó mi?"

Nọ́ọ̀sì ti sùn. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan di ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú.

Fóònù Alátapólì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò rẹ̀. Awakọ̀ kan ló ń wá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó dá a lójú. Ó jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́. Òjò ti rin apá ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgúnpá, èjìká ń ro ó, ṣùgbọ́n kò sọ ìlẹ̀kùn náà kalẹ̀.