Ọkọ̀ Ẹlẹ́ja Tó Di Ilé Àgbọ̀nrín

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi Murdina ni mo kó ti Torquil, n ò sì gbàgbé. Ẹni tó bá fẹ́ kí n dárí jì í, kó kọ́kọ́ wá ṣe ọmọ Lachie fún ọdún kan ná.

Ní Glen Sgàil níbí, àfonífojì wa láàárín òkè, ilé ìtútù ẹran kan ṣoṣo ló wà tẹ́lẹ̀. Ti onílẹ̀ ni, Torquil tó jẹ́ olórí ọdẹ rẹ̀ ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́. Bàbá mi, Lachie, ló kọ́ Torquil níṣẹ́ ọdẹ. Òun ló fi ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín àkọ́kọ́ tí Torquil pa kùn ún lójú, bá a ṣe ń ṣe é fún gbogbo ọdẹ tuntun. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ onílẹ̀, ó ṣì ń pa tirẹ̀ lórí ilẹ̀ wa kékeré lókè odò, ẹran kankan ò sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bí Lachie bá ti ní ẹran kan dára, èèyàn lè fún abiyamọ jẹ ẹ́.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ooru mú lódìlódì. Bàbá pa akọ àgbọ̀nrín ńlá kan, ó gbé e sẹ́yìn ẹṣin wa, ó sọ̀kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtútù. Lórí òkè wa, ọdẹ kì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹran. Ìjà yòówù tí ì báà wà, ẹ jẹ́ kí ẹran tutù ná kẹ́ ẹ tó jà á. Torquil dúró síwájú ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lachie, o kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa mọ́. Gbé òkú ẹ lọ sílé."

"Torquil, eṣinṣin ti ń bà lé e."

"Ṣé èmi ni mo bí eṣinṣin ni?"

Kí ni Bàbá fi ṣe é? Kò fi nǹkan kan ṣe é o! Àwọn àlejò olówó tó ń wá ṣọdẹ lọ́dọ̀ onílẹ̀ ṣì ń béèrè Lachie, wọn ò béèrè Torquil. Ìlara ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Bàbá tó délé, ìdin ti wọ inú ẹran náà. Ó mú ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, létí odò, ó sì sin ín. Kò jẹ́ kí n bá a gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, Torquil dúró nílé ọtí, ó ní, "Imú Lachie ti kú. Ẹran jíjẹrà ló gbé wá bá mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti fi awò tó fi ń wo òkè kọ́ sára ìṣó, tó jókòó ti sítóòfù. Bí àgbọ̀nrín bá ké lókè, kì í yíjú.

Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun. Mo búra pé Torquil yóò gbé ẹran tirẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ dá orúkọ bàbá mi padà.

A ò lówó ilé ìtútù gidi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ Wullie ẹlẹ́ja ti kú, àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì ṣì le koko, fóòmù nípọn nínú ògiri rẹ̀. A já a sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Mo dí gbogbo ihò, mo na irin sókè, mo so ìkọ́ mọ́ ọn. Mo ra ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan tó kógbá wọlé. Ẹ̀rọ yẹn, ìtura èèyàn ló mọ̀. Bí yàrá bá ti tura, á dákẹ́. Mo wá so nǹkan kékeré kan mọ́ ọn tó ń fi ooru díẹ̀ kan ibi tó fi ń mọ òtútù, kó lè máa rò pé ilé ṣì ń gbóná. Ó ń ṣiṣẹ́ bí òmùgọ̀, inú ibẹ̀ sì ń tutù bí òwúrọ̀ oṣù Kejìlá.

Ìdí sítóòfù ni Bàbá ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Murdina, ṣé àgbọ̀nrín lo fẹ́ kó síbẹ̀ ni àbí ẹja?"

"Ẹ dìde wá gbóòórùn ẹ̀, Bàbá."

"Imú mi ti kú. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo so ìkọ́ tán, ó yọjú, ó sì pariwo. "Ta ló so ìkọ́ súnmọ́ra báyìí? Ẹran tó ṣì gbóná kì í fara kanra! Ibi tí itan bá ti kan itan, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́, òtútù yòówù kó o fẹ́ sí i!" Ó gba òòlù lọ́wọ́ mi, ó tún gbogbo rẹ̀ so. Mo yíjú sẹ́yìn kó má baà rí i pé mò ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì mo fi ọ̀dà kọ LACHIE gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, mo fi okùn so kọ́kọ́rọ́ kọ́ Bàbá lọ́rùn. Àwọn ọdẹ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹran wá.

Oṣù Kẹwàá ọdún yìí, ooru tún dé, lásìkò tí akọ àgbọ̀nrín ń jà du abo lókè. Ẹ̀rọ ilé ìtútù onílẹ̀ kú pátápátá. Torquil ti fún àwọn akọ tí àlejò rẹ̀ pa mọ́ra wọn nínú ibẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó rò pé òtútù tó kù á tó. Nígbà tí kò tó, ó kó wọn sínú ọkọ̀, ó wá, àwọn àlejò rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Mo dúró síwájú ilẹ̀kùn wa.

"Òkú ta nìyí?" Mo ti ń kọ́ gbólóhùn yẹn láti ọdún tó kọjá.

"Murdina, arábìnrin mi, jọ̀ọ́..."

"Arábìnrin ta ni? O kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa o."

"Ọdẹ kì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹran, ìwọ náà mọ̀."

"Ẹ gbà mí! Wullie, ṣé o gbọ́? Torquil mọ àṣà òkè!"

Wullie tó ń bá wa bó awọ ẹran bú sẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ohun tí mo fẹ́ ni kí eṣinṣin bo gbogbo ẹran yẹn lójú rẹ̀. Bàbá bá jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, àyà mi sì já, torí mo mọ̀ pé ó láàánú.

Ó ní, "Torquil, kí ló ṣe ẹran mi lọ́dún tó kọjá?"

Torquil wolẹ̀, ó kùn nǹkan kan.

"Ẹ̀n? Sọ ọ́ sókè. Etí mi ti ń di."

Etí tó ń gbọ́ igbe àgbọ̀nrín láti òdìkejì òkè! Mo fọwọ́ bo ẹnu mi.

"Ẹran yín dára, Bàbá. Èmi ni mo tilẹ̀kùn."

"Àwọn àlejò ẹ ò gbọ́."

"ẸRAN LACHIE DÁRA! ÈMI NI MO TILẸ̀KÙN MỌ́ ỌN! IRỌ́ NI MO PA!"

Bàbá bá mi orí sókè sódò. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń fi imú kan ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbé èyí wọlé. Gbé èyí náà. Má jẹ́ kí wọ́n kanra." Ó dé orí èyí tó tóbi jù, tó ti wà láàárín, ó la itan rẹ̀ wò. Inú ibẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

"Èyí ti lọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò mi pàtàkì ló pa á, ẹ ṣáà bá mi gbé e kọ́..."

"Àbí imú mi ti kú?"

Àwọn àlejò Torquil ń wò ó. Bàbá wọ ẹ̀yìn ilé, ó mú ṣọ́bìrì bọ̀, ṣọ́bìrì ọjọ́ yẹn gan-an, ó fi í lé Torquil lọ́wọ́.

"Létí odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi," ó ní. "Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Mo ti gbẹ́ ẹ rí."

Èmi gbé àga méjì síta, mo po tíì fún Bàbá, mo po tèmi, a sì jókòó wò ó títí ó fi gbẹ́ ẹ tán.