Alága Jàre, Ẹgbẹ́ Tú Ká

Irin-ò-tẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ wẹ́dà tó ń ṣe nìkan. Irin inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́; òun tó ni ṣọ́ọ̀bù ni kì í tẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, ẹ lè gbàgbé, ẹ lè bímọ, kí ọmọ yín dàgbà kó lọ fẹ́yàwó; ọjọ́ tí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ni yóò fi kí yín.

Òun náà ni alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń lo pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Òun ló dá a sílẹ̀, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin òpó góólù méjèèjì. Nígbà tí nǹkan ṣì ń ṣẹnuure, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ọ̀dà máa ń fún wọn lówó, kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sáyà jẹ́sì. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà wá kógbá wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ò kúrò láyà àwọn ọmọ náà, nítorí kò sówó jẹ́sì mìíràn. Owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Kóòṣì ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun lọ́nà jíjìn. Ó jọ pé ìyá náà ò jẹ́ kó padà mọ́.

Síbẹ̀, wọ́n ṣì wà nínú líìgì. Irin-ò-tẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí wọ́n bá ṣáà ti wà níbẹ̀, olówó mìíràn lè rí wọn lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ wọn. Bí wọ́n bá jáde, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń wá òkú ẹgbẹ́ wá fún lówó.

Ẹnì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ kì í dùn létí rẹ̀ ni Oníbúlọ́ọ̀kù, ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà nísàlẹ̀ títì, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ kejì. Igbákejì Irin-ò-tẹ̀ ni nígbà kan. Ọjọ́ tí àwọn àlejò wá wo pápá ni Oníbúlọ́ọ̀kù di ojú kan, ó fi èkejì wo òpó góólù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bí ẹni pé tọwọ́ ọ̀tún yìí wọ́ díẹ̀." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Irin-ò-tẹ̀ ò rín. Nígbà tó di alẹ́, òun nìkan fi okùn wọ̀n ọ́n, ó sì wọ́ lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti jọ jókòó mọ́, kò sì pẹ́ tí Oníbúlọ́ọ̀kù fi lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Irin-ò-tẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Elésẹ̀-òsì. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, kò sì sí ẹni tó ń gbá góólù wọlé bíi tirẹ̀. Ọmọ yìí ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ."

"Síbo?"

"Ọ̀dọ̀ Oníbúlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní àwọn á máa sanwó lóṣooṣù. Ẹ wò ó, ìyàwó mi ti fẹ́ bímọ."

"Ìyàwó tèmi náà bímọ nígbà tí mi ò ní nǹkan kan lápò. Ṣé mo sá lọ bá ọ̀tá bàbá mi?"

"Bàbá, wọn kì í ṣọ̀tá mi. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda."

"Ọjọ́ tí irin bá hu ewé."

Bẹ́ẹ̀, agbábọ́ọ̀lù tí alága rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda fún kò gbọdọ̀ wọ pápá fún ẹgbẹ́ mìíràn. Oníbúlọ́ọ̀kù náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń kán an, ó gbé ọmọ náà wọ pápá láìsí ìwé, ọmọ náà sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé kí àwọn òǹwòran tó jókòó tán.

Inú Akọ̀wé ẹgbẹ́ Irin-ò-tẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́. Onígbàjámọ̀ ni Akọ̀wé yìí, ahọ́n rẹ̀ sì mú bí abẹ rẹ̀. Ó sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Alága, wọ́n ti kó sí wa lọ́wọ́! Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ líìgì. Wọ́n á gba owó ọmọ yẹn fún wa, àá fi san owó oṣù."

"Ìgbìmọ̀ wo? Ṣé èyí tí búlọ́ọ̀kù Oníbúlọ́ọ̀kù ni alága wọn fi kọ́lé?"

"Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ni mo fi kọ́ tèmi náà. Ṣọ́ọ̀bù yìí ńkọ́?"

Irin-ò-tẹ̀ wo ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Kóòtù ni mò ń lọ," ló sọ. "Mo fẹ́ kí adájọ́ wọlé, kí Oníbúlọ́ọ̀kù dìde dúró. Mo fẹ́ kí wọ́n bi í léèrè kó máa kólòlò níwájú èèyàn."

"Ẹ̀mí ẹgbẹ́ ni ẹ fẹ́ fi ṣeré yẹn o. Òfin wa ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ilé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń parí ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gba kóòtù lọ, wọ́n á yọ ọ́ nínú líìgì. Àti pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́."

"Ta ló ń wá ọ̀rẹ́?"

Ó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù.

Kò pẹ́ sí i, Oníbúlọ́ọ̀kù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Irin-ò-tẹ̀ ń jó géètì ẹnì kan lọ́wọ́, ó ti da ìbòjú iṣẹ́ bojú, iná irin ń ta pàràpàrà. Ó rí bàtà tó ní sìmẹ́ǹtì lára, ó ti mọ ẹni tó ni ín. Kò gbé orí.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n."

Iná ń ta.

"Ẹ̀gbọ́n, mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n dúró de ìwé ọmọ yẹn. Màá san owó rẹ̀ fún yín díẹ̀díẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò ní lọ nínú ẹ̀. Màá tún yá yín ní agbábọ́ọ̀lù méjì títí sáà yìí á fi parí. Ẹ ṣáà bá mi yọ ẹjọ́ yìí ní kóòtù kí líìgì tó dá sí i. Ó máa kó bá ẹ̀yin gan-an jù mí lọ."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Èmi wo?"

Oníbúlọ́ọ̀kù mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣí ojú yín, Ẹ̀gbọ́n, ká jọ sọ̀rọ̀ bí àgbà."

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Irin tí wọ́n bá gbé ojú kúrò lára ẹ̀, ó lè wọ́."

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀ sí i. Nínú òkùnkùn ìbòjú yẹn, Irin-ò-tẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Ó mọ̀ pé owó náà á tó bọ́ àwọn ọmọ náà. Ó mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù méjì yẹn á ti ẹgbẹ́ náà dé òpin sáà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tilẹ̀ gbéra lọ sí etí ìbòjú. Ṣùgbọ́n ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ọwọ́ náà padà sórí géètì, bàtà onísìmẹ́ǹtì sì yí padà, ó lọ.

Ẹjọ́ falẹ̀. Lónìí, adájọ́ ń ṣàìsàn. Lọ́la, lọ́yà Oníbúlọ́ọ̀kù ò rí ìwé kan. Lọ́yà Irin-ò-tẹ̀ kì í sì í la ẹnu láìgbowó. Irin-ò-tẹ̀ ta ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ tó tóbi jù, ó ń fi kékeré jó irin ńlá, iṣẹ́ ń pẹ́, àwọn oníbàárà ń bínú lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ebi. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ìdájọ́ pé, ó jàre. Adájọ́ ní Oníbúlọ́ọ̀kù ò ní ẹ̀tọ́ láti lo ọmọ ọlọ́mọ láìgbàṣẹ, ó ní kó sanwó. Irin-ò-tẹ̀ wojú ọ̀tá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde. Ó ti ń retí kójú tì í. Ohun tó rí lójú ọkùnrin náà kò jọ ìtìjú. Ó jọ ti ẹni tó ń wo ọmọdé tó mú iná dání.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Akọ̀wé ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"A jàre!" ló kígbe kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo ti gbọ́. Líìgì náà ti gbọ́. Wọ́n ti yọ wá, Alága."

Irin-ò-tẹ̀ jókòó sórí àgbá kan.

"Ọ̀nà kan ṣì wà," ni Akọ̀wé sọ. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn gan-an ló ba Irin-ò-tẹ̀ lẹ́rù. "Bí ẹ̀yin àti Oníbúlọ́ọ̀kù bá jọ dúró níwájú ìgbìmọ̀, tí ẹ ní ẹ ti parí ẹ̀ láàárín ara yín, wọ́n á gbà wá padà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ètò ìdíje sáà tuntun tó jáde. Ẹ lọ bá a."

"Ó máa wá."

"Ta ló máa wá?"

"Ó wá lẹ́ẹ̀kan. Á tún wá. Tó bá dé báyìí, màá dá a lóhùn."

Ó sì ń retí rẹ̀ lóòótọ́. Kì í da ìbòjú bojú pẹ́ mọ́. Bí òjìji kan bá yọ sẹ́nu ọ̀nà, á yára gbé orí: á rí obìnrin tó ń bi í léèrè ìgbà tí fèrèsé òun máa jáde, tàbí Akọ̀wé, tó máa ń dúró síbẹ̀ wò ó. Lóru, á máa gbìyànjú ohun tó máa sọ lẹ́nu, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ta lẹ̀ ń bá wí?" Bàtà onísìmẹ́ǹtì ò wá. Ètò ìdíje jáde. Wọ́n ka orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ lórí rédíò, wọn ò ka tiwọn.

Ìgbà náà ló tó rìn lọ sísàlẹ̀ títì.

Oníbúlọ́ọ̀kù ń bu omi wọ́n búlọ́ọ̀kù tútù. Ó rí i, ó gbé garawa sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí àbúrò ṣe ń ṣe.

"Ìwọ ni mò ń retí látọjọ́ yìí," ni Irin-ò-tẹ̀ sọ.

"Èmi náà ń retí yín, Ẹ̀gbọ́n. Mo wá lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí ẹ jàre, mo ní ẹni tó jàre ló máa ń dárí jini. Ká ní ẹ yọjú lọ́sẹ̀ tó kọjá, à bá ti jọ lọ síwájú ìgbìmọ̀."

Wọ́n jọ ń wo omi tó ń wọ inú búlọ́ọ̀kù.

"Owó tí o san, lọ́yà ló kó o lọ," ni Irin-ò-tẹ̀ wí. "Mi ò wá tìtorí owó. Àwọn ọmọ mi ni. Ṣé o lè gbà wọ́n?"

"Owó ẹjọ́ yìí ò fi èmi náà sílẹ̀ bó ṣe bá mi. Mẹ́rin ni agbára mi ká."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

Oníbúlọ́ọ̀kù gbé garawa rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi wọ́n búlọ́ọ̀kù.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, àwọn ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ẹnu Irin-ò-tẹ̀. Ó pe àwọn mẹ́rin tó ń lọ sọ́dọ̀ Oníbúlọ́ọ̀kù, ó fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí ti Elésẹ̀-òsì, tí ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kù ò gbéra.

"Ẹ má bínú," ló sọ.

Wọn ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Aṣọ́lé, tó ń ṣọ́ ojú góólù, tó dàgbà jù nínú wọn, tó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó gbé bàtà méjèèjì sórí tábìlì nítorí ti ẹgbẹ́ ni. Àwọn tó kù ń tú tiwọn.

"Ẹ máa wọ bàtà yín lọ," ni Irin-ò-tẹ̀ sọ. "Mo fi jìn yín. Ẹ máa mú un lọ sílé."

Aṣọ́lé wo bàtà náà, ó wo alága rẹ̀.

"Ká máa wọ̀ ọ́ lọ síbo, Bàbá?"