Adé Kan, Àwo Ẹ̀wà Kan

Ẹ gbọ́ àlá ọ̀sán tí mo lá lánàá, ẹ má sì rẹ́rìn-ín títí n ó fi parí. Èmi àti ìyàwó mi, Àyọ̀ká, la jọ ń wo eré Adégòróyè lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ọba tí àwọn afọbajẹ ní bó bá fẹ́ jọba, kó gbàgbé Mọrẹ́nikẹ́, ọmọbìnrin tó ń lẹ táyà níwájú ààfin. Àyọ̀ká dìde lọ wo ẹ̀wà lórí iná. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ.

Ni tẹlifíṣọ̀n bá ṣílẹ̀kùn. Mo wọlé tèmi ti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ààfin wọn ò kanlẹ̀. Òkè ló wà, okùn tí wọ́n fi ń sáṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó iná. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn ò ní lè débẹ̀.

Wọ́n ti gbé adé ka Adégòróyè lórí tipátipá. Bí afọbajẹ kan bá ti ní, "Àṣà wa ni pé," ìwo á yọ lórí rẹ̀. Kó tó pẹ́, gbogbo wọn ti di òbúkọ, tàwọn ti fìlà.

Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìjòyè."

Adégòróyè ṣí adé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un dání." Ló bá bá okùn sọ̀kalẹ̀ lọ bá Mọrẹ́nikẹ́. Táyà tí ìyẹn ń lẹ̀ lọ́wọ́ ní, "Ọkọ ìyàwó, ẹ káàbọ̀."

Adé ọwọ́ mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Orí rẹ á gbà mí," ló wí, ó sì fò jókòó sí i. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Àwọn òbúkọ dọ̀bálẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ní kí Àyọ̀ká gbé ẹ̀wà wá, ká jẹun."

Òbúkọ àgbà wúkọ́. "Kábíyèsí kì í jẹun lójú èèyàn. Ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa jẹun, lẹ́yìn aṣọ ìkélé."

"Àyọ̀ká ńkọ́?"

"Ẹ ò ní bá a jẹ nínú àwo kan mọ́ láéláé."

Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ Àyọ̀ká, àwo kan la fi ń jẹun. Á ti ẹran sọ́dọ̀ mi, n ó tì í padà. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo fa adé títí, kò ṣí.

Adé ní, "Ta ní í kọ oyè nítorí ẹ̀wà?"

"Kì í ṣe ẹ̀wà. Àyọ̀ká ni."

Ó rò ó díẹ̀, ó sì ṣí fúnra rẹ̀. Èmi náà bá okùn sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, ewúrẹ́ aládùúgbò wa ń ké lójú fèrèsé. Wọ́n ti mú iná lọ. Àyọ̀ká jókòó tì mí, àwo kan lórí itan, ṣíbí méjì nínú rẹ̀. Ẹ̀wà náà ti tutù.

"Kí ló dé tó ò jẹun?"

"Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè. Wọ́n mú iná kí ọmọ ọba tó dáhùn o. Èwo lẹ rò pé ó mú?"

"Mọrẹ́nikẹ́ ni."

"Ẹ ti sùn, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo mú ṣíbí, mo ti ẹran sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tì í padà.