Irin inú Balùwẹ̀ Sìlífátù

Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, obìnrin wo ni yóò wọ balùwẹ̀, tí yóò bá irin tí ọkọ rẹ̀ rì mọ́ ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ lé, tí kò níí pariwo? Sìlífátù pariwo. Ó pariwo débi pé àwọn aráalé rò pé ejò ló rí.

"Bàbá Sùlíyá, kí lẹ wá ṣe ní balùwẹ̀ mi?"

"Ibẹ̀ ló máa ń tutù jù nínú ọgbà yìí," ni Làsísì ọkọ rẹ̀ dáhùn. Kò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Ó ń fa wáyà láti ara irin náà lọ sídìí igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí irin kejì wà. "Ohùn kì í gba inú ilẹ̀ gbígbẹ kọjá."

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn Moses."

Háà! Bí orúkọ yẹn bá ti jáde, ìbínú Sìlífátù kì í dọ́kàn mọ́. Moses ará Ìjẹ̀bú àti Làsísì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n jọ ń tẹ wáyà ránṣẹ́ lógun Bọ́mà. Làsísì tó lọ kọ́ ló padà wálé. Á jókòó, á máa wo ilẹ̀, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Ìgbà tí Moses kó wá sí òdì-kejì ojú irin réluwéè l'Ágége ni Sìlífátù tó tún gbọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ̀. Àgbà méjì á máa fi ṣíbí lu kọ́ọ̀pù, kó, kó-kó, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ.

Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti dá Moses jókòó. Ó ṣubú nínú yàrá lọ́jọ́ kan, ó ké títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ni Olúwayẹ́misí ọmọ rẹ̀ bá ti ilé wá, ó ní bàbá òun ń bá òun lọ.

"Ta ni yóò gbọ́ bí ẹ bá tún ṣubú?" ló bi bàbá rẹ̀.

"Èmi ni," ni Làsísì wí.

Ọmọ náà kì í ṣe alágídí. Ó ní ó dáa, lọ́sàn-án Sátidé, ìgbà tó bá wu òun lòun yóò ní kí bàbá òun pè. Bí Làsísì bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá òun dúró. Bí kò bá yọ, ọkọ̀ Ìjẹ̀bú ló kàn.

Kò sí òpó, kò sí wáyà kankan tó ré ojú irin kọjá. Irin méjì lọ́dọ̀ Moses, irin méjì lọ́dọ̀ Làsísì, bátìrì mọ́tò àti aago kékeré kan tó ń kùn bí eṣinṣin bí Moses bá tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ni yóò gbé ìró náà lọ. Sìlífátù ní bóyá òkété ni yóò bá wọn jíṣẹ́. Nígbà òjò tí wọ́n ń fi í ṣeré, ó dún ketekete. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé báyìí, ilẹ̀ ti sán, kànga ti gbẹ. Irin Moses wà létí gọ́tà tí kì í gbẹ. Ti Làsísì ni wàhálà, ìdí nìyẹn tó fi gbé ọ̀kan wá sí balùwẹ̀.

Sátidé pé. Nínú yàrá, Làsísì fi ohun ìgbọ́rọ̀ tó so mọ́ wáyà náà bo etí méjèèjì. Ó jókòó títí òòrùn fi yẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Bóyá ọmọ náà ò tíì ní kí wọ́n pè," ni Sìlífátù wí.

Làsísì tún fi ọwọ́ tẹ ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí. Ó ń wo ilẹ̀. Àkàrà ti tutù níwájú rẹ̀. Sìlífátù mọ ojú yẹn, ó sì ti rò pé òun ò níí rí i mọ́ láyé òun.

Ó wo garawa omi kan ṣoṣo tó kù nílé. Láti ìdájí ló ti lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n tì í, òun náà tì wọ́n. Omi ọbẹ̀ ni, omi àlùwàlá ni, òun náà ni wọn yóò fi wẹ̀. Ó rántí pé nítorí ọ̀dá omi, ṣe ni òun ń fi aṣọ tútù nu ara lásán láti ọjọ́ yìí. Balùwẹ̀ náà ti gbẹ.

"Èèyàn laṣọ," ló wí. Ó gbé garawa, ó da gbogbo rẹ̀ sídìí irin.

"Ó ń pè mí!" Làsísì fò dìde. "Sìlífátù, ó ń pè mí!" Ó ju ohun ìgbọ́rọ̀ sílẹ̀, ó fi fìlà sílẹ̀, ó fi bàtà sílẹ̀, ó sáré gba ọ̀nà ojú irin lọ.

Sìlífátù mú nǹkan náà, ó fi sétí. Ó ń dún lóòótọ́, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìrẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Ó dún, ó dún, ó sì dákẹ́ lójijì. Ó mọ̀ pé ọkọ òun ti dé ẹnu ọ̀nà Moses. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Olúwayẹ́misí nìkan ló wọkọ̀ padà sílé.

Láàárọ̀ Mọ́ńdé, àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi rí àgbàlagbà ọkùnrin láàrin wọn, garawa lórí, omi ń kán sí i lọ́rùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Làsísì forí lé ilé. Ó gbé omi náà síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Wẹ̀ dáadáa o, Ìyá Sùlíyá. Moses ń dúró."

"Ẹ ò tijú!" Sìlífátù wọ balùwẹ̀. Ó bu omi àkọ́kọ́ sórí irin, kó tó bu ti ara rẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Yẹ́misí," ló wí fún ilẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nídìí ohun ìgbọ́rọ̀ nínú yàrá.