Ìyá Ojú-ìwé àti Ẹ̀rọ Tí Kò Ṣàṣìṣe

Ní ilé-iṣẹ́ omi, yàrá kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to páìpù sí. Tábìlì kan, àga kan àti kọ̀ǹpútà kan ló gba ibẹ̀ tán. Obìnrin tó ń jókòó síbẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyá Ojú-ìwé ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é, orúkọ ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ìyìn. Wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá ṣe, ìbáà mí, ìbáà húkọ́, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sínú fáìlì kan tó gùn ju ẹjọ́ ilẹ̀ lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, tó bá ṣí fáìlì náà, ńṣe lọ̀rọ̀ á máa sáré lójú rẹ̀ bí eéṣú tí wọ́n lé lóko, ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ló máa ń bá. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ti fẹ̀yìn tì báyìí ló kọ́ ọ pé kó máa tẹ less ṣáájú orúkọ fáìlì. Wọ́n ní less túmọ̀ sí "ó dín", àmọ́ kò dín ohunkóhun kù. Ó kàn ń dá ọ̀rọ̀ dúró ní ojú-ìwé kan sí òmíràn ni. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ ti ìsàlẹ̀, ojú-ìwé á ṣí síwájú. Tó bá tẹ b, á padà sẹ́yìn. Bó ṣe ń kà á nìyẹn láràárọ̀, awò lójú, fún ọdún mẹ́sàn-án.

Àfi bí ọ̀gá tuntun ṣe dé. Ọ̀gá Kíá ni wọ́n sọ ọ́, torí kò sí gbólóhùn tó máa sọ tí kò ní fi "kíá" tì í nídìí.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ń ka gbogbo èyí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Láti òkè dé ìsàlẹ̀?"

"Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ka ìwé, ọ̀gá."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ayé ti kúrò níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa ka ti kọ̀ǹpútà. Ó wá ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí á máa wá ọ̀rọ̀ náà, "àṣìṣe", káàkiri inú fáìlì. Láràárọ̀, ètò náà á ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé kò sí àṣìṣe. Ó sì sọ fún Ìyá Ojú-ìwé pé kó má ka fáìlì mọ́ látọjọ́ náà, tóṣù bá sì ti parí, kó lọ máa ka páìpù.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ní kó fọkàn balẹ̀. "Kò sí páìpù tó máa gùn tó fáìlì yẹn."

Oṣù ò tíì parí tómi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Tó bá ti di aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́ lójijì, àwọn tó ti fọṣẹ sójú nílé ìwẹ̀ á máa táràrà. Mẹkáníìkì tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tò ó padà lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí nǹkan kan. Ètò ọ̀gá ṣì ń sọ pé kò sí àṣìṣe. Ọ̀gá Kíá wá rò ó wò pé bí ẹ̀rọ ò bá ṣàṣìṣe, èèyàn ló ṣe é nìyẹn. Ó kọ̀wé sí mẹkáníìkì pé kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Mẹkáníìkì mú ìwé náà lọ bá Ìyá Ojú-ìwé. Gírísì ọwọ́ rẹ̀ ti kun gbogbo etí ìwé.

"Ìyá mi, ẹ gbà mí o. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ yìí. Mo mọ ohùn ẹ̀ ju ti ìyàwó mi lọ. Ara ẹ̀ dá ṣáṣá."

"Wá nǹkan jókòó lé," lobìnrin náà wí, ó sì ṣí fáìlì.

Ìlà tó wà níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ó ń kà, ó ń tẹ̀, ó ń kà. Mẹkáníìkì dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò lè mú un mọ́ra.

"Ṣé ẹ ò lè fo ìyẹn ni?"

"Tó bá wá jẹ́ ibẹ̀ gan-an ló wà ńkọ́?"

Ọjọ́ kìíní kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọwọ́ obìnrin náà dúró. Ó tẹ b, ó tún un kà. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Bá mi ka ìlà yìí. Ojú mi lè máa tàn mí."

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀: "Aago mẹ́wàá. A dá ẹ̀rọ omi dúró. Ìdí: ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án láti wákàtí kan. Ẹni tó pàṣẹ: ọ̀gá."

Obìnrin náà ní kí less bá òun wá ọ̀rọ̀ yẹn níwájú. Ó tún yọjú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló yọjú, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́.

Àṣé Ọ̀gá Kíá ti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé tó bá ti di aago mẹ́wàá, kó máa pa ohunkóhun tí wọ́n tàn sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń lò ó. Fáànù àti iná ọ́fíìsì ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ta ní ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́? Lóòótọ́, kò sí àṣìṣe. Ẹ̀rọ gbọ́ràn ni.

Àwọn méjèèjì lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí, kíá."

"Kò ní ṣókí, ọ̀gá. Ẹ máa fojú yín kà á ni."

Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dórí ẹni tó pàṣẹ, ètè dúró.

"Ta ló tún ti rí i?"

"Àwa mẹ́ta yìí náà ni."

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá yọ àṣẹ náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà, omi ò sì dá mọ́. Ọ̀gá Kíá kọ̀wé sókè pé lẹ́yìn ìwádìí ìjìnlẹ̀, ọ́fíìsì òun ti yanjú ọ̀rọ̀ náà kíá. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mẹkáníìkì náà gba lẹ́tà: wọ́n dárí jì í lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Kí ni mi ò gbọdọ̀ ṣe mọ́?" ló ń bi gbogbo èèyàn. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n.

Ní ti Ìyá Ojú-ìwé, wọn ò gbé e lọ sídìí páìpù mọ́. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tójú rẹ̀ ti ríran tó bẹ́ẹ̀, kó máa ka fáìlì ilé-iṣẹ́ omi méjì mìíràn mọ́ tirẹ̀. Inú bí i débi tó fi wọ bàtà láti lọ bá àwọn àgbà ilé-iṣẹ́. Mẹkáníìkì ló dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ fi í lẹ̀, ìyá mi. Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹjọ́."

Ó fi í lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹ ojú-ìwé yẹn jáde, ó ká a, ó sì kì í bọ àpò ọkùnrin náà. "Má jù ú nù o."

Lọ́sẹ̀ kejì, Ọ̀gá Kíá ránṣẹ́ pe Ìyá Ojú-ìwé. Ó ti tú táì ọrùn rẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Fáìlì wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ti dé ìlà tó kẹ́yìn.

"Mo ní kémi náà máa fojú ara mi kà á. Mo ti kà á tán, kò jẹ́ kí n jáde. Kò sí bọ́tìnnì tí mi ò tíì tẹ̀."

"Látìgbà wo?"

"Látàárọ̀."

Obìnrin náà na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ q. Fáìlì pa dé.

"Q péré?"

"Q péré ni, ọ̀gá."

Ọ̀gá mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé. "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì gbọ́."

"Háà, ọ̀gá! Ṣé irú èmi nìyẹn?"

Ó kí i dáadáa, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ibi ẹ̀rọ omi, níbi tí mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́, kọjá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ lọ̀nà yàrá rẹ̀.