Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Wá Kí

Àfi bí ọyẹ́ bá mú gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀, olùkọ́ eré ìdárayá ní Ìnísà, fi ń wọ ṣòkòtò gígùn. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun dára. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáré láti Ìnísà dé Òkukù, kí àwọn ará ọ̀nà lè rí i. Ṣùgbọ́n láti èṣí, bí ó bá ti sáré ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ a le bí igi. Bí ó bá jókòó, a rọ̀.

Dókítà Adédùntán, oníṣẹ́-abẹ ní Ìkìrun, ní awọ tó wé mọ́ iṣan náà ló fún jù: bí iṣan bá wú nídìí eré, kò ráàyè. Ó la awọ náà ní ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Lọ́la ni kí ẹ ti máa rìn, sà, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, awọ tí mo là yìí á tún so pọ̀, á tún fún iṣan yẹn pa.”

Gbádébọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì tó délé, ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi wá kí i, wọ́n bá a tó ń rìn kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Jọláyẹmí, alága ẹgbẹ́, wo ọsàn tí wọ́n gbé wá bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

“Tíṣà, ṣé wọ́n la ẹsẹ̀ yìí ni, àbí wọ́n kàn fá irun rẹ̀?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Gbádébọ̀ di ẹni orí bẹ́ẹ̀dì: ìrọ̀rí mẹ́ta lábẹ́ ẹsẹ̀, aṣọ funfun lórí rẹ̀, tó ń rọra ṣí fún àlejò bí ẹni ń ṣí ìyàwó lójú.

“Bàbá Ìbùkún, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn dé ẹnu ọ̀nà,” Ẹ̀rínọlá ìyàwó rẹ̀ a wí.

“Àwọn ará Ìbà ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ṣé orí ìdúró ni kí wọ́n ti bá aláìsàn?”

Ọ̀sẹ̀ méje. Ìgbà tí àlejò dá ló tó dìde.

Ọjọ́ tí yóò tún ṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáré pé. Kò tíì jáde nígboro Ìnísà tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi le, ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí Òkukù.

Dókítà tẹ àpá náà títí. “Ó ti so pọ̀. A lè tún un là, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí eré mọ́. Ṣé ẹ rìn bí mo ṣe wí, sà?”

Gbádébọ̀ fi ọwọ́ bo àpá náà.

Lọ́jọ́ kejì, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó wọ ṣòkòtò gígùn jókòó síta. Bàbá Jọláyẹmí ń kọjá lọ.

“Tíṣà, ara ti mókun. Mo sọ bẹ́ẹ̀, ìsinmi yẹn ló ṣe é.”

“Ìsinmi náà ni, sà,” ni Gbádébọ̀ wí.