Ẹsẹ̀ Nishad

Bí Nishad ṣe fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ ilé àwọn Ketaki báyìí ni bọ́ọ̀lù wó igi lẹ́yìn ọ̀gá àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Íńdíà wa ní Ọsirélíà, wọ́n sì lé e jáde. Nishad ò tíì bọ́ bàtà o. Páálí pedha, ìpápánu dídùn oníwàrà tó rà wá kí wọn, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló wọlé?" Bàbá Ketaki ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Mo ní ta ló wọlé yẹn?"

"Èmi ni, sà. Nishad. Ẹ káàsán, sà."

"Ọ̀sán wo? Jáde!"

Ketaki kọ́kọ́ rò pé agbábọ́ọ̀lù tí igi rẹ̀ wó ni bàbá òun ń bá wí. Àṣé àlejò ni.

Ká sọ òótọ́, ẹ̀bi Ketaki náà wà níbẹ̀. Òun ló ní kí ọ̀rẹ́kùnrin òun wá tọrọ òun lọ́jọ́ Sunday yẹn. "Kó o tó dé," ó ní, "wọ́n á ti lé gbogbo àwọn tiwa jáde, Bàbá á ti sunkún tán, ara rẹ̀ á sì ti rọ̀." Ta ni ò ní rò bẹ́ẹ̀? Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn Ọsirélíà fi fojú wa gbolẹ̀. A ò wá ìṣẹ́gun mọ́. Ká ṣáà rí ẹni dúró nídìí igi títí àkókò á fi tán lọ́jọ́ karùn-ún, kó di ọ̀mì, kí ìtìjú náà lè mọ níwọ̀n. Àfi ìgbà tí àwọn ọ̀lẹ yẹn wá yan ọjọ́ ìtọrọ ọmọ láti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró bí ọkùnrin!

Bẹ́ẹ̀ Bàbá ní òfin. Bí nǹkan bá ń lọ dáadáa nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mira. Ìyá tó bí i lọ́mọ, Ìyá àgbà, ṣí fíríìjì lọ́jọ́ kan nígbà tí àwọn tiwa ń gbá a dáadáa, Bàbá sì fi í dúró síbẹ̀ títí yìnyín fi yọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Gbogbo fèrèsé ni Bàbá máa ń tì, á yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, kó má bàa gbọ́ ariwo aládùúgbò kankan. Ẹni tó bá sì wọlé tí nǹkan bàjẹ́, panauti ló ń pè é, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ burúkú. Ọkọ ẹ̀gbọ́n Ketaki kan sín nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lófuurufú. Títí dòní, ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí wọn.

Nishad jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dé orí àtẹ̀gùn, ó rántí pé páálí pedha ṣì wà lọ́wọ́ òun, ó sì padà wọlé láti gbé e kalẹ̀. Igi mìíràn tún wó.

"Ganpati, òrìṣà mi o!" Bàbá fò dìde. "Ketaki, eléyìí lo fẹ́ fẹ́? Ẹni tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, tó lé èèyàn méjì jáde! Tó bá di ọmọ ilé wa, ṣé òrùlé máa kù lórí wa? Ìyá, ẹ gbé póhe yẹn kúrò lórí iná. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ póhe yẹn ló dun Ketaki jù. Ní Pune, bí ọmọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ, tí wọ́n fi póhe, ìrẹsì pẹlẹbẹ alálùbọ́sà, kí i, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ omi lásán ló mu, kó máa lọ ilé ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà sì ti dín àlùbọ́sà sílẹ̀ láti àárọ̀.

Ketaki bá Nishad lórí àtẹ̀gùn. Ó jókòó láàárín bàtà àwọn ará ilé, ó ń jẹ pedha.

"O tún ń jẹ ẹ́?"

"Wọn ò gbà á. Kí n dà á nù?"

"Kò pa mí lẹ́rìn-ín o, Nishad. O ò mọ Bàbá. Ohun tó bá sọ nídìí kíríkẹ́ẹ̀tì, kì í yí i padà láéláé. Ó ti parí fún wa." Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Láti ìsàlẹ̀ ilé ni ohùn Damle, aládùúgbò wọn tí kì í gbé rédíò kúrò létí, ti ta sókè: "Ó ti kọjá ààlà! Mẹ́rin!"

Ketaki nu imú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kígbe nínú ilé: "Mẹ́rin! Mẹ́rin o!"

Ketaki fetí sílẹ̀. Damle tún kígbe. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá tó kígbe tẹ̀ lé e. Áà! Rédíò Damle ń sáré ju tẹlifíṣọ̀n Bàbá lọ.

"Nishad," ó ní, "gbé pedha yẹn sílẹ̀, kó o nu ẹnu."

Bí Damle ṣe tún pariwo ayọ̀, Ketaki ti Nishad wọlé. Bọ́ọ̀lù sáré kọjá ààlà. Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Jáde," ó ní, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Damle tún pariwo, Nishad tún wọlé, bọ́ọ̀lù fò lọ sáàárín èrò ìwòran. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti gbé ẹsẹ̀ òsì kan sókè lẹ́nu ọ̀nà pé kóun bọ́ bàtà nígbà tí Bàbá na ọwọ́ sí i.

"Má mira! Má gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀!"

"Sà, bàtà mi ni..."

"Ta ló bi ọ́ ní bàtà? Dúró bẹ́ẹ̀!"

Nishad dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke, ó di ilẹ̀kùn mú. Ketaki dúró tì í, inú rẹ̀ dùn títí tó fi rántí pé ọgbọ́n òun ti tán. Tí wọ́n bá lé ẹnì kan jáde báyìí, ìṣojú Nishad ló máa jẹ́, òun náà ni Bàbá máa dá lẹ́bi. Ó sì ti ku àwọn méjì ìkẹyìn, àwọn tó ń di igi ìgbábọ́ọ̀lù mú bí ẹni di ìgbálẹ̀ mú. Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹsẹ̀ Nishad ń gbọ̀n, òógùn bo Bàbá.

Ni Damle bá figbe ta nísàlẹ̀: "Yéè! Ó ti parí o!"

Nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré bọ̀ ni. Ketaki ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti Nishad láyà, ìyẹn fi ẹsẹ̀ kan fò jáde, ó sì ṣubú gbì sáàárín bàtà lórí àtẹ̀gùn. Ketaki pa ilẹ̀kùn dé. Bọ́ọ̀lù wó igi.

Bàbá yíjú padà díẹ̀díẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ketaki, kí lo ṣe yẹn?"

"Ẹsẹ̀ ń... ẹsẹ̀ ń ro ó ni, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ ń ro ó! Ẹsẹ̀ tó gbé gbogbo Íńdíà dúró, ìwọ tì í síta! Ó jáde, a jáde! Àṣé ọmọ bíbí inú mi gan-an ni panauti!"

Ketaki dorí kodò. Ẹ má rò pé ojú ló ń tì í. Ẹ̀rín ló ń gbé mì.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí ilẹ̀kùn, ó fa Nishad dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. "Ọmọ mi, ṣé o ò ṣèṣe? Wọlé. Má dá ọmọ yìí lóhùn mọ́ tí kíríkẹ́ẹ̀tì bá wà. Oṣù tó ń bọ̀ la máa kojú New Zealand, ẹ̀gbẹ́ mi níbí lo máa wà. Ìyá, póhe dà?"

Ìyá àgbà gbé e dé, àwo kún dẹ́nu, àgbọn wà lórí rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ketaki, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí i létí.

"Kí ìgbéyàwó tó dé, lọ bá mi sọ fún Damle kó rẹ rédíò ẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́ nílé ìdáná."

Nishad bu póhe sẹ́nu, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó kọ́kọ́ wojú Bàbá ná, kó tó gbé ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀.